Bí Mọ́tò Bàbá Jemimah Ṣe Ń Mí Èéfín Ara Rẹ̀

                                                  Ojúlé Kọkànlá,
                                                  Òpópónà Adélàjà,
                                                  Sábó, Yábàá,
                                                  Èkó.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, ọdún 2025.

Àǹtí mi àtàtà, Àǹtí Christianah,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú òjò yìí tó ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi lókè. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín, Bọ̀dá wa, ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ sùn, àbí wọ́n ṣì ń jí yín láti béèrè pé kí ló dé tí ewúrẹ́ kì í wọ bàtà? Ẹ bá mi fẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín ńkọ́, pàápàá ìyá tó máa ń yá ṣọ́ọ̀kì yín tí kì í dá a padà?

Èmi náà wà láàyè, ara mi sì le. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára mi kò ju pé bí mo bá ti òwú bọ etí mi ọ̀tún, dúdú ló ṣì máa ń jáde. Ìdí abájọ nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí n tó dé ìdajì. Mo sì ti gbọ́ pé ìròyìn kan ti ṣíwájú mi dé ọ̀dọ̀ yín ní Òṣogbo, pé mo dáná sun mọ́tò bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́. Àǹtí mi, iná kankan kò jó. Èéfín lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe rí gan-an.

Ẹ rántí Jemimah, nọ́ọ̀sì tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, èyí tí ẹ ní kí n máa rọra bá sọ̀rọ̀ kí n má baà lé e sá. Sùúrùlérè ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Wólé-wólé ni bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹ mọ irú wọn: àwọn tí í máa yọjú wo ìkòkò omi onílé, tí wọ́n á máa tọ gọ́tà onígọ́tà lẹ́yìn bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù. Bàbá ti fẹ̀yìn tì o, ṣùgbọ́n ojú wólé-wólé kò bá wọn fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, ìsàlẹ̀ bàtà mi ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó wo ojú mi.

Jemimah ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé sọ́fútíwíà ẹnjiníà ni mí. Bàbá kò gbọ́ sọ́fútíwíà. Ẹnjiníà nìkan ló wọ etí wọn. Mo ṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò tíì kí wọn tán, tí wọ́n fi ní, "Ẹnjiníà, dìde, dìde. Wá wo mọ́tò mi."

Jíìpù tòkunbọ̀ ni, funfun báláú, dísù ló sì ń mu. Àbúrò wọn ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Bàbá fẹ́ràn jíìpù yìí débi pé kànrìnkàn rírọ̀ tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Ìyáàfin. Láràárọ̀, wọ́n á tan Ìyáàfin sílẹ̀ lórí ìdúró, wọ́n á jẹ́ kó máa dún títí wọ́n á fi gbàdúrà, tí wọ́n á jẹun, tí wọ́n á ka ìwé ìròyìn tán. Wọ́n ní kí ara rẹ̀ lè yá ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa á, wọ́n á bò ó láṣọ. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń jáde, ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì sí ilé, ìrìn ìyàwó tuntun ló sì ń rìn.

Àmọ́ ṣá, Ìyáàfin ń ṣàìsàn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kì í fẹ́ lọ. Bó bá dúró lójú kan, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Èéfín dúdú kìrìkìrì sì ń jáde nídìí rẹ̀. Màmá Jemimah sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan tí àwọn ń gun afárá, kẹ̀kẹ́ márúwá kan tó ru àpò gàrí kọjá lára àwọn, obìnrin tó jókòó ti gàrí náà sì juwọ́ sí àwọn. Bàbá ní kì í ṣe kíkọjá ló dun àwọn, jíjuwọ́ yẹn ni. Èyí tó tún wá burú jù ni obìnrin kan tí ògiri rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Nígbà ayé wólé-wólé, Bàbá ti gbé e dé kóòtù nítorí pé ó ń sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé. Nísinsìnyí, bí Bàbá bá ti tan Ìyáàfin, obìnrin náà á yọ orí lójú fèrèsé, á máa wúkọ́ bí ẹni tó ń kọrin: "Ìhú! Ìhú! Wólé-wólé, ẹ kú èéfín o!"

Nígbà tí a padà wọlé tí a jókòó ti tábìlì, Bàbá fọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n ní, "Àwọn mẹkáníìkì ti pààrọ̀ èyí, wọ́n ti pààrọ̀ tọ̀hún, kò yé wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o kàwé rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yé ọ. Bí o bá wo Ìyáàfin sàn, èmi àti ìwọ á jókòó sọ̀rọ̀ Jemimah."

Jemimah fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. Ohun tó ń wí ni pé kí n sọ òótọ́. Èmi rò pé ó ń kì mí láyà ni. Mo ní, "Kò sí wàhálà, sà."

Nígbà tó sìn mí dé ẹnu géètì, ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣùbòmí, ìwọ tó ò lè pààrọ̀ gílóòbù?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo lọ ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn, tó máa ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Apá ibẹ̀ yé mi, nítorí pé kòǹpútà ni. Bí mo ṣe kì í bọ Ìyáàfin báyìí, ó ka àìsàn rẹ̀ jáde: fáàfù EGR ló há. Mo kà nípa fáàfù yìí títí ojú mi fi pọ́n, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Jemimah lójoojúmọ́ títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun jẹ ìrẹsì òun ní àlàáfíà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí pé bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ohun tó kù kò ní í yé yín.

Ẹ́ńjìnnì dísù a máa fa afẹ́fẹ́ símú, á fún un pọ̀, á da dísù sí i, á jó o, á sì tu èéfín rẹ̀ gba sàlẹ́ńsà jáde. Ṣùgbọ́n bí iná inú rẹ̀ bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ á yí padà di gáàsì burúkú kan tó ń ta èèyàn láyà. Kí àwọn tó ń ṣe mọ́tò má baà fi èyí pa gbogbo wa, wọ́n ya páìpù kan lára ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n dá a padà síbi imú ẹ́ńjìnnì. Fáàfù yìí ni ilẹ̀kùn páìpù náà. Bí mọ́tò bá ń rìn jẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí díẹ̀, èéfín tó ti jó tẹ́lẹ̀ á padà wọlé, á gba àyè lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tútù, iná inú á sì rọlẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá fa igi kan yọ lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà. Bí ẹ bá wá tẹ mọ́tò gan-an, tó ń fẹ́ agbára, ọpọlọ mọ́tò á pàṣẹ kí ilẹ̀kùn pa dé, kí afẹ́fẹ́ tútù nìkan máa wọlé.

Ọgbọ́n tó dára ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èéfín dísù ní èérí dúdú nínú. Èérí yìí á pàdé ooru ọ́ìlì tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì á di tọkọtaya, wọ́n á nípọn bí ọbẹ̀ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá há síbi tó ti pa dé, iná inú ẹ́ńjìnnì á máa gbóná kọjá àlà, mọ́tò á máa dún gbá-gbá-gbá. Bó bá há síbi tó ti ṣí, ìyẹn èyí tó ṣe Ìyáàfin, èéfín á máa rọ́ wọlé nígbà gbogbo. Afẹ́fẹ́ kò ní í tó láti jó dísù tán, agbára á lọ, èéfín á pọ̀ sí i, èéfín tó pọ̀ sí i yẹn náà á tún wọlé. Àǹtí mi, ẹ rántí ìgbà tá a jọ ń sùn lórí ẹní kan, tí ẹ̀gbọ́n wa, Bọ̀dá Mobọ́lájí, á só sábẹ́ aṣọ ìbora, tí wọ́n á sì fi aṣọ náà bò wá lórí mọ́lẹ̀? Ohun tó ń ṣe Ìyáàfin nìyẹn. Ìsó ara rẹ̀ ló ń mí.

Jemimah ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Jeremy ní Músín, ẹni tó ń tún mọ́tò ilé ìwòsàn wọn ṣe. Ǹ bá ti gbọ́! Àmọ́ mo ti rí ọkùnrin kan lórí fóònù tó fín oògùn ìfọ̀dọ̀tí sí imú mọ́tò rẹ̀, tó ní gbogbo èérí inú rẹ̀ ṣí kúrò fúnra rẹ̀. Mo ní èmi náà á ṣe é, nínú ọgbà Bàbá gan-an, kí gbogbo ayé lè rí ẹnjiníà.

Ọjọ́ Sátidé ni. Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wá ṣèpàdé lọ́dọ̀ Màmá Jemimah, lábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ń dán bí àwo tuntun. Mo kí wọn, wọ́n sì súre fún mi. Ìyá kan tiẹ̀ ní, "Ẹnjiníà wa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á hàn sí gbogbo wa." Àdúrà yẹn gbà.

Mo tan Ìyáàfin, mo yọ rọ́bà tó wà níbi imú rẹ̀, mo fín oògùn sí i. Ó wúkọ́. Mo tún fín in. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n mi orí bí ẹni tí nǹkan yé. Bí wọ́n ṣe mi orí yẹn ló pa mí. Mo tẹ agolo náà mọ́lẹ̀, n kò sì gbọ́wọ́ kúrò.

Lójijì, Ìyáàfin figbe ta. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́ o! Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kan, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sókè. Bàbá sáré wọ inú rẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́. Kò dúró. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, wọ́n ń pariwo, "Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ mi! Kọ́kọ́rọ́ rèé!" Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísù kì í dúró de kọ́kọ́rọ́. Bó bá ti rí ohun tó lè jó, yálà oògùn mi ni o, yálà ọ́ìlì tó ti kó jọ sínú páìpù rẹ̀, tó sì rí afẹ́fẹ́ fà símú, á máa sáré lọ títí á fi fọ́.

Ìgbà yẹn ni èéfín dé. Àǹtí mi, mo ti rí èéfín rí, ṣùgbọ́n èyí ní iṣan. Gbogbo èérí tó ti wà nínú Ìyáàfin láti òkè òkun ló bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yà tààrà sábẹ́ igi máńgòrò. Mo gbọ́ "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" lápá ọ̀tún, mo gbọ́ "Ta ló dì mí mú?" lápá òsì. Ìyá ààrẹ ẹgbẹ́ ń bá Ìyáàfin wí pé, "Mo pàṣẹ fún ọ, dákẹ́!" Ìyá kan gbá igi máńgòrò mọ́ra, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá ààrẹ, ẹ má fi mí sílẹ̀ o."

Èmi ńkọ́? Nígbà tí ojú mi là, ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo bá ara mi. N kò mọ bí mo ṣe débẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Jemimah nínú èéfín. "Imú ẹ̀! Ẹ dí imú ẹ̀! Ṣùbòmí, dí imú ẹ̀!" Ọmọ tó ní kí n jẹ́ kí òun jẹ ìrẹsì ní àlàáfíà, gbogbo àlàyé mi ló ti wọ̀ ọ́ létí láìmọ̀. Ó já ìwé orin ńlá gbà lọ́wọ́ ìyá ààrẹ, ó sì fi ẹ̀yìn ìwé náà tó le lé ihò tí Ìyáàfin fi ń fa afẹ́fẹ́. Ìwé náà lẹ̀ mọ́ ọn gbàgà. Ìyáàfin ṣe "hùùn", ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú.

Lẹ́yìn náà ni ìyá kan bú sókè: "Halelúyà! Orin ló lé e jáde!" Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ohun tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá gbà gbọ́ nìyẹn, wọ́n sì ti jẹ́rìí rẹ̀ nínú ìjọ.

Bí èéfín ṣe ń ká, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara wa. Kò sí aṣọ funfun kan mọ́ lábẹ́ igi yẹn. Ẹyinjú àti eyín Màmá Jemimah nìkan ló funfun. Ìgbà yẹn gan-an ni obìnrin tó máa ń wúkọ́ lójú fèrèsé yẹn da omi garawa kan láti orí ògiri, ó ní òun ń pa iná. Kò sí iná. Bàbá ló dà á lé lórí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú àǹfààní yẹn.

Bàbá nu ojú wọn. "Ṣùbòmí, jáde wá."

Mo jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kòǹpútà ni mò ń ṣe. N kò mọ ohunkóhun nípa mọ́tò. N kò lè pààrọ̀ gílóòbù."

"Kì í ṣe ìyẹn ni mo bi ọ́. Níbo lo wà nígbà tí ọmọ mi wà nínú èéfín?"

"Ẹ̀yìn táǹkì, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èéfín nìwà. Kò sí bí a ṣe lè bò ó tí kò ní í rú jáde. Mọ́tò lásán pariwo, o sá. Bí ilé bá gbóná lọ́la ńkọ́?"

Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èéfín lọ. Èyí tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Sà, ẹsẹ̀ mi ló sá, ọkàn mi kò sá."

Jemimah wò mí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ìwé orin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kí ọkàn ẹ dúró níbí kó fẹ́ mi, kí ẹsẹ̀ ẹ máa lọ sí Sábó."

Màmá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ajé, èmi àti àwọn á jọ gbé Ìyáàfin lọ Músín. N kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí á fi sàn. Bí mo bá sá, kí n má wulẹ̀ padà wá.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́. Wọ́n fi okùn fà wá dé Músín, Bàbá jókòó nídìí sítíárìn pẹ̀lú kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo ọmọ tó wà lójú ọ̀nà sì ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Ọkùnrin gíga ni ọ̀gá Jeremy, ohùn rẹ̀ sì ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ó yẹ Ìyáàfin wò bóyá mo ti fọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé Jemimah tètè dá a dúró, ó pè é ní orí rere. Lẹ́yìn náà ló tú fáàfù yẹn sílẹ̀, ó sì gbé e sókè. "Yéè! Ẹ wo nǹkan!" Ihò tó yẹ kó gba ife tíì, ìka ọmọdé kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Èérí dúdú ti dí i pátápátá.

Bàbá wọ awò ojú wọn. Mo ń wò wọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń bọ́ lára wọn, bí wólé-wólé ṣe ń jí padà. "Nínú mọ́tò tèmi? Gọ́tà tó dí rèé!"

"Ẹ má dààmú, Bàbá," ni Jeremy wí. "Mo ní páànù pẹlẹbẹ kan níbí tí màá fi dí ojú páìpù yẹn pa. Èéfín ò ní í padà wọlé mọ́ láyé. Ẹni tó bá gbé e wá la máa ń dí i fún."

"Bí o bá dí i, gáàsì burúkú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, níbo ló máa gbà?"

"Ìta ni, sà. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ."

"Á gbé e lọ sí ibo?"

"Ibi tó bá wù ú, sà."

Ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá bọ́ kóòtù. "Ibi tó bá wù ú! Gbogbo àwọn tó ń da ilẹ̀ sínú àgbàrá nígbà tèmi, ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn: omi á gbé e lọ. Omi gbé e, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn! Imú ta ni kí èéfín mi lọ wọ̀? Fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì!"

Èmi náà rántí pé ọpọlọ mọ́tò á mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti dí, iná á sì máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Jeremy ní òun lè pa iná yẹn náà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú Bàbá, ó fi páànù rẹ̀ pamọ́, ó lọ gbé oògùn ìfọ̀dọ̀tí àti búrọ́ọ̀ṣì wá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jókòó tì í. Jeremy ń bá mi wí pé mo di sípánà mú bí ṣíbí, Bàbá ń bá Jeremy wí pé kò fọ igun dénú. A fọ fáàfù, a fọ páìpù, títí ilẹ̀kùn kékeré náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tó ń bọ̀, wọ́rọ́wọ́.

Bàbá gbé e sínú oòrùn. "Ta ló kó irú ìdọ̀tí yìí sínú mọ́tò mi? Àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ránṣẹ́?"

Jeremy mọ èsì rẹ̀ dáadáa. Lójijì ló rí i pé nǹkan kan wà tó yẹ kí òun wá nínú àpótí irinṣẹ́ òun. Ó ku èmi nìkan. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?"

"Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù ni, sà. Bí ẹ bá tàn án sílẹ̀ lójú kan láràárọ̀, kì í gbóná tó láti jó èérí inú ara rẹ̀. Ilé sí ṣọ́ọ̀ṣì kò tó ìrìn fún un. Ó yẹ kó máa lọ jìnnà, kó sáré, kó làágùn. Bí ẹ ṣe ń ṣe é yìí, sà, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó ń mí..." Mo fẹ́ sọ pé èéfín. Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ahọ́n mi. "Ó ń mí ìsó ara rẹ̀."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Jeremy.

"Ìsó?" ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láràárọ̀?"

"Bí ẹ bá ti ń ka ìwé ìròyìn, sà."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n wo Ìyáàfin, wọ́n wò mí. Mo rí èjìká wọn tó ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Wọ́n rín in títí Jeremy fi gbé àga wá fún wọn. Wọ́n lọ fọwọ́ pa Ìyáàfin lórí, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, má bínú, ìyá. Èmi ni mo fi aṣọ bò ọ́ lórí."

Nígbà tí Jeremy dè é padà tán, ó ní kí a mú un sáré díẹ̀ kí ìyókù lè jó kúrò. Bàbá ní Ìlúpéjú lásán la ó dé tí a ó ṣẹ́rí padà. A dé Ìlúpéjú, a kò ṣẹ́rí. A kọjá Ọjọ́ta. Mo ní, "Sà, ṣé..." Wọ́n ní kí n dákẹ́, Ìyáàfin ń sọ̀rọ̀. Bí a ṣe jáde sí ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èéfín dúdú kan tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó wúkọ́, lẹ́yìn náà ó mọ́ kedere. Bàbá ń wo dígí ẹ̀yìn, wọ́n ń pariwo, "Kò sí! Kò sí èéfín!" Wọ́n kọjá tírélà kan, wọ́n sì juwọ́ sí awakọ̀ rẹ̀.

Màmá pè. Mo ní a wà ní Mówe. "Mówe kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ń lọ Músín!" Kí n tó dáhùn, Bàbá ti tún ń ya tírélà mìíràn sílẹ̀. Láìwo ojú mi, wọ́n ní, "Àwọn èèyàn rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá rí wa?"

Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára irin òkè ilẹ̀kùn. Mo ní, "Sà?"

"Mo ní ìgbà wo! Àbí o kò fẹ́ Jemimah mọ́?"

Mo ní mo fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ gan-an, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wo iwájú.

Nígbà tí a padà délé, Jemimah fi áńkáṣíìfù funfun nu ẹnu sàlẹ́ńsà, ó wò ó, ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ dúdú, ó sì ká a sínú báàgì rẹ̀. Mo sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí fún un. Ó ní òun ti gba ọkàn mi tipẹ́, ẹsẹ̀ mi ló ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, gbogbo èéfín tí mo fà símú sì di oògùn.

Àǹtí mi, ohun tí lẹ́tà yìí wá béèrè nìyẹn. Láti ìgbà tí Màmá wa ti lọ sinmi, ẹ̀yin ni mo ń ronú kàn bí ẹnikẹ́ni bá ní "àwọn èèyàn rẹ." Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti Bọ̀dá wá bá mi tọrọ ọmọ yìí ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ. Màmá Jemimah ní kí n kí yín, ìyá ààrẹ ẹgbẹ́ náà ní òun á fẹ́ láti rí ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì, ẹ kí ìyá oníṣọ́ọ̀kì, ẹ kí gbogbo ará ilé.

Mo fẹ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí yín, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà. Wọ́n ní irọ́ ni, àwọn fúnra àwọn ló máa wa Ìyáàfin wá sí Òṣogbo láti wá gbé yín, torí pé ọ̀nà jíjìn ló ń ṣe é lóore. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹun yó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ di bẹ́líìtì yín kí wọ́n tó tan mọ́tò. Bí ẹ bá sì ti kọjá Gbọ̀ngán, tí ẹ rí tírélà níwájú, ẹ kàn dijú yín ni. Bí ẹ bá tún là á, Sùúrùlérè lẹ ó bá ara yín.

Èmi ni, àbúrò yín tó ń retí yín lójú ọ̀nà,

Ṣùbòmí.